Ẹ Dá Ọ̀pá Ẹ̀yìn Corvette Padà, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Fi Ọ̀dà Purọ́

Fún ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ Chevrolet ní Amẹ́ríkà gbé Corvette Sting Ray jáde. Bọ́dì rẹ̀ kì í ṣe irin, fáíbà ni. Èyí tó ní òrùlé líle nínú wọn lọ́dún náà jẹ́ 10,594. Gíláàsì ẹ̀yìn wọn jẹ́ méjì, ọ̀pá fáíbà kan ló là wọ́n láàárín. Bill Mitchell, ọ̀gá àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ní General Motors, fẹ́ràn ọ̀pá yìí bí ojú. Zora Arkus-Duntov, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ lórí Corvette, kò fẹ́ ẹ rárá, nítorí kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí ẹ̀yìn dáadáa. Nígbà tí ti ọdún 1964 máa jáde, wọ́n ti yọ ọ̀pá náà. Gíláàsì kan ṣoṣo ló kù.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tó ti ra ti 1963 kò fẹ́ kí ọkọ̀ tiwọn dà bí ti àná. Wọ́n mú ayùn, wọ́n gé ọ̀pá náà dànù, wọ́n fi gíláàsì ti 1964 sí i. Lónìí, ọ̀pá yẹn gan-an ni àwọn olówó ń wá kiri. Ìbéèrè wá dé iwájú àwọn oníṣẹ́ fáíbà: ṣé ká dá a padà ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Àwọn kan ní gígé náà ti di ara ìtàn ọkọ̀, ká má fọwọ́ kàn án. Èmi kò fara mọ́ ọn. Fáíbà kì í dípẹtà bí irin. Ohun tí ayùn gé, ẹni tó mọṣẹ́ lè so ó pọ̀. Ẹ dá a padà. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà.

Èkíní, ẹ má fi fílà dí i. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà lára irin pàápàá lè jẹ fáíbà, nítorí náà sùúrù ni iṣẹ́ yìí gbà. Oníṣẹ́ gidi á fi sánpépà họ ibi ìsopọ̀ náà lókè àti nísàlẹ̀, títí yóò fi máa tínrín lọ sí etí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa tẹ́ aṣọ fáíbà àti résìn lé e, ìpele lórí ìpele, tinú tòde. Ẹni tó bá kàn rọ fílà síbẹ̀ tó sì kùn ún lọ́dà, ó ń dọ́gbọ́n ni. Oòrùn àti gbígbọ̀n ọ̀nà yóò ya á, ìlà náà yóò sì yọjú láti abẹ́ ọ̀dà.

Èkejì ló burú jù. Ẹlòmíràn mọṣẹ́ débi pé ojú kò lè rí ibi tó ti so ó, ó wá tà á bí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gé rí. Olè nìyẹn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó. Àwa tí a mọ tòkúnbọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun bo àpá jàǹbá rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. A tiẹ̀ lè mú ti 1964, ká fi ọ̀pá sí i, ká pè é ní 1963. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ yóò tú àṣírí, torí 3 ni ti 1963 fi bẹ̀rẹ̀, 4 ni ti 1964.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí oníṣẹ́ ya fọ́tò ní gbogbo ìpele. Kí ó jẹ́ kí òde dán, ṣùgbọ́n kí ó fi abẹ́ sílẹ̀ láìkùn, kí ẹni tó bá wo ibẹ̀ rí ìsopọ̀ náà. Kí fọ́tò àti rìsíìtì sì bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ẹ ó ní owó rẹ̀ á dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni, á dín kù. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Púpọ̀ nínú wa ni yóò máa fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹnjiníà láìpẹ́. Ẹ jẹ́ ká ti ibi kékeré báyìí kọ́ bí a ṣe ń sọ pé, “A tún un ṣe.”