Ẹnu Oníṣẹ́ Ni Kí A Ti Gba Ọ̀rọ̀: Èrò Kan lórí Ìperí fún Ọkọ̀ Onígi Kéékèèké

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kéré débi pé kò lè dán ọgbọ́n àwa tí a ń ṣẹ̀dá ìperí wò. Èyí tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni iṣẹ́ àwọn tí ń fi igi ṣe ọkọ̀ kéékèèké, yálà láti fi pa ìrọ̀lẹ́ tàbí láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé. Ní Ìjọra, níbi tí tírélà àti táńkà ti ń gbà kọjá lọ sí èbúté Àpápá tọ̀sán tòru, kò yani lẹ́nu bí ọmọdé bá ṣa ẹ̀ẹ́rún pákó àti ìdérí ìgò jọ, tí ó sì kan tírélà tirẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, bí olùkọ́ bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe gún régé, ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò?

Ìdáhùn tí ó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé kí a jókòó, kí a ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi ni pé ìgbésẹ̀ kejì ni èyí yẹ kí ó jẹ́. Kí fífi igi ṣe ọkọ̀ má ṣe jọ wá lójú bí ohun àjèjì. Nígbà tí bọ́lẹ̀kájà gba títì kan, ẹ́ńjìnnì àti férémù rẹ̀ ni ó ń ti òkè òkun wá. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére pẹ̀lú ti gbẹ́ alùpùpù àti ọkọ̀ òfurufú sórí agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Iṣẹ́ tí a ti ń ṣe tó báyìí kò lè ṣe aláìní ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀. Ní 1947 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin, ti gbẹ́gi, tí Làmídì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlùfáà Kevin Carroll, tí ó wà nídìí ilé iṣẹ́ náà, kọ ìpele mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére ń tẹ̀ lé sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nínú ọnà lílé ni a ti ń yọ ìrísí gbogboogbò jáde lára ìtì igi; nínú àlétúnlé ni a ti ń pín in sí ẹ̀yà kéékèèké; nínú dídán ni a ti ń mú ojú rẹ̀ tẹ́jú; nínú fínfín ni a ti ń fa ìlà àti ọnà sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí a gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé orí dáńfó onígi kan. Ọnà lílé ni yóò yọ àpótí gígùn náà jáde. Àlétúnlé ni yóò ya iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára òrùlé, tí yóò sì fi àyè ẹsẹ̀ ọkọ̀ hàn. Lẹ́yìn dídán ni fínfín yóò wá fa ìlà ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ wà nínú ètò náà fúnra rẹ̀: bí a bá fín ìlà kí a tó dán ojú igi, híha ni yóò pa ìlà náà rẹ́. Ìperí tí a bá ṣẹ̀dá nínú ọ́fíìsì kì í sábà gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dání.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a gba ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀-ìṣe *dán* ní. Ohun tí kò ní gbágungbàgun dán. Ohun tí ń kọ mànà pẹ̀lú ń dán. Nínú iṣẹ́ ọ̀dà, méjèèjì lè dojú kọ ara wọn. Bí fáníìṣì àkọ́kùn bá ti gbẹ, a ní láti fi pépà tí ó kúnná ha á kí a tó kun èkejì. Híha yìí ń mú kí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń pa kíkọ mànà rẹ̀, kí èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi dì mú. Bí ìwé wa bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó “dán an” kí ó tó tún un kùn, yóò wò ó pé ó kúkú ti ń dán, yóò fò ó, ọ̀dà rẹ̀ yóò sì bó. Nítorí náà, mo dábàá pé kí *dídán* dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìpele nínú igi gbígbẹ́, kí a lo *ìmújọ̀lọ̀* fún iṣẹ́ híha nínú ọ̀dà kíkùn, kí a sì lo *ìkọmànà* fún ohun tí ojú ń rí.

Bákan náà ni ti pépà tí a fi ń ha igi. Kí pépà yìí tó dé ni ewé ìpín ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára igi àti igbá. *Bébà ìpín* yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fọwọ́ kan ewé náà rí. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó nílò ìṣọ́ra: 240 kúnná ju 80 lọ, nítorí inú asẹ́ ni nọ́ńbà náà ti ṣẹ̀ wá, bí ojú asẹ́ bá ṣe pọ̀ sí i níwọ̀n àyè kan náà ni horo tí ó lè gba ibẹ̀ kọjá ń kéré sí i. Bí a bá pè é ní “ìwọ̀n”, ọmọ yóò rò pé èyí tí ó pọ̀ ni ó le. *Nọ́ńbà asẹ́* ni mo fara mọ́.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀-àyálò ti tó, pé káfíńtà kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Òótọ́ ni, n kò sì bá *pépà* tàbí *fáníìṣì* jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-àyálò ń dárúkọ ohun èlò ni. Kì í sábà ṣàlàyé ìdí tí a fi ń lò ó bí a ti ń lò ó. Láti 1970 tí ètò Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí *Èdè Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní 1984, kò tún yẹ kí a máa jiyàn bóyá èdè wa lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ohun tí ó kù ni ta ni a ń pè sí ìjókòó. Kí ìgbìmọ̀ ìperí tí ó bá tún jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ pe agbẹ́gilére kan, káfíńtà kan àti akunlé kan, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti tán ni kí tiwa ti bẹ̀rẹ̀.