Ẹ Kọ́ Ọmọ Ìjoun Bí A Ṣe Ń Ya Ọ̀nì, Kí Ọ̀nì Má Bàa Di Ìtàn

Bí ẹ bá ní kí ọmọ iléèwé ya ọ̀nì lónìí, àwòrán alligator inú ìwé òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dà kọ. Bẹ́ẹ̀, kò sí alligator nínú odò kankan ní Áfíríkà. Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ni ibùgbé rẹ̀. Ọ̀nì ni tiwa.

Ìtìjú ni èyí jẹ́ ní Ìjoun àti gbogbo ilẹ̀ Yewa. Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nilẹ̀ yìí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti ń gbẹ́ ejò àti ọ̀nì sórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tipẹ́tipẹ́, nítorí pé wọ́n mọ ẹranko wọ̀nyí. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. A yọ̀, a jó. Ṣùgbọ́n kí ni ayọ̀ náà já mọ́ bí ère bá kù, tí ẹranko tó wà lórí ère sì run?

Àwọn kan yóò ní, "Ebi ń pa wá, ẹ ń sọ̀rọ̀ ọ̀nì." Èmi kò bá ọdẹ jà, mo mọ̀ pé ọdẹ náà ní ọmọ tí yóò bọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá tán nínú odò lónìí, ọmọ ọdẹ kò ní rí i lọ́la. Ọ̀nì ẹlẹ́nu tín-ín-rín ti wà lára àwọn ẹranko tí àjọ IUCN sọ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n pòórá. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn CITES ní 1974, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1985. Òfin tó wà nínú fáìlì kò ní ojú. Ọmọ tó mọ ẹranko wò ló ní ojú.

Ìdí nìyí tí yíyà àwòrán kì í fi í ṣe eré ọ̀lẹ. Ẹni tí yóò ya ọ̀nì gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé bó bá pa ẹnu dé, eyín kẹrin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń hàn síta. Pé ìka ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, tẹ̀yìn sì jẹ́ mẹ́rin. Yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nì ńlá, ọ̀nì ẹlẹ́nu tín-ín-rín, àti ọ̀nì kúkúrú tí kì í sábà gùn ju mítà méjì lọ. Kò ní pe awọ́nríwọ́n ní ọmọ ọ̀nì mọ́. Ohun tí ọmọ bá fi wákàtí mẹ́ta wò báyìí, kò ní rọrùn fún un láti rí i lórí igbá ọjà kó má bi ara rẹ̀ léèrè.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọdé lọ jókòó létí odò; ọ̀nì kì í ṣe ẹran ilé. Ọgbà ẹranko wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta, ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí iléèwé pe ọdẹ àgbà wá sí kíláàsì, kó ṣàlàyé ipa ẹsẹ̀ àti ìṣesí ẹranko, kí ọmọ máa yà á bó ti ń sọ ọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ayétòrò àti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn, ìwé, pẹ́ńsù àti owó bọ́ọ̀sì ni a ń béèrè. Wọn kò pọ̀jù. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni; ẹ má jẹ́ kí ọmọ wa máa fi ẹranko ilẹ̀ òkèèrè júwe odò tiwọn.