Ta Ló Láṣẹ Láti Dá Ẹ̀rọ Dúró?

Bi oníléeṣẹ́ ní Agbára tàbí Ọ̀tà léèrè ohun tó ń jẹ èrè rẹ̀: iná, epo dísẹ́ẹ̀lì àti dọ́là ni yóò kà sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àdánù kan wà tí kì í ṣe ìjọba ló fà á: ọjà tó bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, tí òṣìṣẹ́ rí i, tó sì panu mọ́.

Lọ́dún 1950, díẹ̀ ló kù kí Toyota kógbá wọlé. Gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Kiichiro Toyoda tó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ fipò sílẹ̀. Nínú àìlówó yẹn ni Taiichi Ohno, ẹnjiníà wọn, ti tẹpẹlẹ mọ́ ọ̀nà tí ayé ń wò kọ́ṣe lónìí: má ṣe ju ohun tí oníbàárà fẹ́ lọ, má kó ẹrù jọ, má sì jẹ́ kí àléébù kọjá lọ́dọ̀ rẹ. Sakichi, bàbá Kiichiro, ti fi èyí tó gbẹ̀yìn lélẹ̀ ṣáájú. Ahunṣọ mọ̀ pé bí òwú bá já, à á dúró so ó ni. Sakichi ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já.

Ẹni tó bá rò pé ará Japan nìkan ló lè ṣe é, kó wo Fremont ní California. General Motors ti iléeṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ pa lọ́dún 1982. Èèwọ̀ ni kí ẹ̀rọ dúró nígbà náà. Ọkọ̀ tó bá lábùkù, ìta ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Lọ́dún 1984, General Motors àti Toyota jọ ṣí ibẹ̀ padà, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àtijọ́ síṣẹ́. Wọ́n ta okùn sókè orí wọn. Ẹni tó bá rí àléébù á fà á, orin á dún, olórí ikọ̀ á sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe láti wá ẹni tí yóò bú. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Japan dọ́gba.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la lè kó wálé. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ há sí èbúté Apápá kò lè ṣe kó má tọ́jú ohun èlò pamọ́. Ṣùgbọ́n okùn kò béèrè dọ́là. Ohun tó ń béèrè ni kí ọ̀gá gbà pé ọmọọṣẹ́ lè dá iṣẹ́ dúró láìjìyà. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa, ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á gé owó rẹ̀ tàbí kí wọ́n lé e lọ. Àwọn tó kù á wá kọ́gbọ́n: wọ́n á máa wò ó níran. Bí iná bá dúró ṣinṣin lọ́la tí àṣà yìí kò yí padà, ọjà tó lábùkù náà la ó kàn máa yára ṣe sí i.