Ológbò Kì Í Ṣe Ẹ̀gbin, Ṣùgbọ́n Àyà Ọmọ Ńkọ́?



Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo fẹ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní Mowo níbí àti ní gbogbo ọ̀nà Àgbádárìgì, ta ni ń ta gààrí, ìrẹsì tàbí ẹja gbígbẹ tí kò mọ iyì ológbò? Ibi tí kò bá sí, ilé di ilé èkúté. Eku kì í sì í ṣe ohun àmúṣeré, nítorí eku ní ń tan ibà Lassa ká, àrùn tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 1969.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kò gba ológbò. Bí ó bá ti sún mọ́ wọn, wọ́n á máa sín, ojú á pọ́n, á máa yún wọn. Èyí tó bá ní ásímà nínú wọn, àyà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hun, kó má lè mí dáadáa. Nítorí èyí, àwọn òbí tó rí owó ná a máa wá irú ológbò òkèèrè tí irun rẹ̀ kì í gbọ̀n. Èmi ní kí wọ́n dá owó náà dúró ná.

Irun kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Inú itọ́ ológbò àti inú ọ̀rá awọ rẹ̀ ni ohun tí ń da ọmọ láàmú wà. Fel d 1 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ológbò a máa fi ahọ́n lá gbogbo ara rẹ̀. Itọ́ náà á gbẹ, á di eruku tí ojú kò rí, á máa fò kiri, á lẹ̀ mọ́ aṣọ àti àga. Aṣọ ọmọ kan lè gbé e wọ kíláàsì tí ológbò kò dé rí. Sphynx tí kò nírun lára, tí ìran rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Toronto ní Kánádà lọ́dún 1966, òun náà ní itọ́, ó sì ní awọ. Bẹ́ẹ̀ ni a sì rí ológbò Siberian onírun gígùn tí nǹkan náà kéré lára àwọn kan nínú wọn. Akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá ni tirẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù.

Nítorí náà, kì í ṣe ìran ológbò ni kí a yàn, ológbò kan pàtó ni. Kí ọmọ lọ jókòó tì í nílé ẹni tó ni ín, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí a tó mú un wálé. Ọmọ tí ásímà rẹ̀ le, kí dókítà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní rárá, rárá náà ni.

Èyí tó ti wà nílé, ẹ má jẹ́ kó wọ yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ má sì jẹ́ kó sùn lórí ẹní ìkírun, nítorí níbi tó bá sùn sí yẹn ni ọmọ máa fi imú kàn nínú ìforíkanlẹ̀. Ẹ máa fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò kí ẹ fi ìgbálẹ̀ tú eruku sókè.

Àwọn kan á ní ṣebí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ pé ológbò mọ́. Òótọ́ ni. Sàábé náà, Abu Qatadah, dẹ ohun èlò omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀ kí ológbò mu níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi àti ìrun nìyẹn. Itọ́ tí kò ba àlùwàlá jẹ́ lè ba èémí ọmọ jẹ́.

Bí ó bá sì di dandan kí ológbò lọ, ẹ má dì í sínú àpò lọ jù sí etí títì márosẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ẹ ti gbọ́ hádíìsì obìnrin tó so ológbò mọ́lẹ̀ títí ebi fi pa á. Ẹ mú un lọ fún àwọn ìyá onírẹsì lọ́jà. Kí ẹ sì mọ̀ pé nǹkan náà lè wà nínú ilé fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó bá lọ, nítorí náà ẹ fọ aṣọ ibùsùn àti kọ́tìnì, kí ẹ tó sọ pé ológbò kọ́ ló fà á.