Sìkọ́láṣíìpù Kì Í Ṣe Ọjà Tí À Ń Rà

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni a fẹ́ sọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ owó oṣù wa run ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni, tí wọ́n ń wá owó ìrànwọ́ láti lọ ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí lókè òkun.

Láìpẹ́ yìí, irú ẹ̀yáwó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ kan páànù sórí ilé, tàbí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi kún ọjà, ni ó ń gba fọ́ọ̀mù. Nísinsìnyí, “ọmọ ń lọ òkè òkun” ni a ń kà níbẹ̀. Nígbà tí a sì wádìí ibi tí owó náà ń lọ, a rí i pé yunifásítì kọ́ ni wọ́n ń san án fún. Àwọn ájẹ́ńtì ni wọ́n ń kó o fún. Awakọ̀ kan lẹ́ka wa, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin yege dáadáa nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, kó owó tí ó fi ọdún mẹ́fà dá jọ, ó tún yá lé e, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ní òun yóò bá a “gba” sìkọ́láṣíìpù ní Kánádà. Ọkùnrin náà fún wọn ní lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ pupa. Ọmọ náà kọ̀wé sí yunifásítì ọ̀hún fúnra rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ ohunkóhun nípa lẹ́tà náà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ máa dé ọ́fíìsì ọkùnrin yìí, aránṣọ ló bá níbẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń yọ gbèsè náà nínú owó oṣù rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ń sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé sìkọ́láṣíìpù kì í ṣe ọjà tí à ń rà. Owó tí wọ́n ń fúnni ni. Ẹni tó bá ní òun yóò tà á fún ọ, kò ní i lọ́wọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà tí owó yìí ń gbà wá, ó sì yẹ kí òbí mọ̀ wọ́n, bí kò tilẹ̀ mọ ìwé púpọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ti ìjọba. Ní ọdún 1959 ni àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth fẹnu kò lórí sìkọ́láṣíìpù tiwọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Èyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san owó rẹ̀ ń san owó ilé-ìwé, owó ọkọ̀ òfurufú àti owó ìnáwó oṣooṣù. Federal Scholarship Board wà lára àwọn tó ń fi orúkọ ọmọ Nàìjíríà ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: òfin rẹ̀ sọ pé ẹni tí kò lè rówó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìrànwọ́ yìí ni ó wà fún. Ta ni wọ́n ń bá wí bí kì í bá ṣe ọmọ òṣìṣẹ́? Chevening tún wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983. Másítà ọlọ́dún kan ni tirẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní Jámánì, DAAD ni à ń wá lọ, tí ó ti wà láti 1925. Nínú ọ̀pọ̀ ètò wọn, oyè tí ọmọ gbà kẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́fà lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ jókòó títí ọdún yóò fi kọjá lórí rẹ̀. Nílé níbí, PTDF, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1973, ń rán àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ mọ́ epo rọ̀bì lọ sí òkè òkun.

Ọ̀nà kejì ni ti yunifásítì fúnra rẹ̀, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe ìwádìí láti gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, yunifásítì ló ń gbé owó ẹ̀kọ́ kúrò lórí wọn, tí ó sì ń san owó fún wọn lóṣooṣù. Wọn kò san án lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò máa kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí ó máa ṣiṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, bí 48,000 irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì California lábẹ́ UAW, ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ́tò dá sílẹ̀, wọn kò sì padà títí wọ́n fi gba àfikún owó. Kí ọmọ wa mọ̀ pé bí òun bá dé ọ̀hún, ẹgbẹ́ wà tí òun lè wọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti rí owó gbà fún iṣẹ́ ìwádìí, tí ó ń wá ọmọ tí yóò bá a ṣe é. Ọmọ yóò ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà, yóò kọ lẹ́tà kúkúrú sí i, yóò sọ ìwádìí tí òun ṣe nígbà tí òun fẹ́ jáde àti èyí tí òun fẹ́ ṣe. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ohun tí wọ́n fi ń yan ènìyàn fún ẹ̀kọ́ ìwádìí ni ohun tó wà nínú orí ọmọ náà. Ájẹ́ńtì tí kò mọ kẹ́mísírì, kí ni yóò kọ fún ọmọ kẹ́mísírì?

A kò sọ pé kò sí ìnáwó. Owó páásípọ̀ọ̀tù wà. Owó ìwé èsì tí à ń pè ní transcript wà. Owó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yunifásítì kan yóò gba lẹ́tà láti ilé-ìwé ọmọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń gba owó fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ọmọ lè kọ̀wé bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gbà. Gbogbo ìnáwó wọ̀nyí ni à ń san fún ẹni tó ni ín, tí à ń gba rìsíìtì. Kò sí owó “ìbánilọ́nà” nínú rẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni Jámánì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní sìkọ́láṣíìpù gbọ́dọ̀ fi owó oúnjẹ ọdún kan hàn ní báǹkì kí ó tó rí físà gbà. Ní 2024, 11,904 yúrò ni. Òṣìṣẹ́ wo ni yóò rí ìyẹn nínú ófàtáìmù?

Àwọn kan nínú yín yóò ní ọmọ olówó ni wọ́n ń fún. A kò lè sọ pé irọ́ pátápátá ni. A ti rí ètò ìjọba tiwa tí orúkọ máa ń kún kí ìkéde tó jáde. A sì rí ètò BEA, tí owó oṣù àwọn ọmọ tí ìjọba rán lọ ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wọn, kí ìjọba tó kéde ní 2025 pé òun fòpin sí i. Àwọn tó ń gbìyànjú pọ̀, àwọn tó ń rí i gbà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá kọ ọ́ ti pàdánù kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, nítorí oṣù Kẹjọ ni fọ́ọ̀mù Chevening máa ń jáde, oṣù Kejìlá sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń ti ìlẹ̀kùn. Bí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yìí, kí ó tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ ló mọ ìwé, òbí ló ní owó díẹ̀ tó wà nílé, ẹgbẹ́ ló sì lè so méjèèjì pọ̀. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn ará Ibibio dá owó jọ, wọ́n rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Wọn kò dá òbí kọ̀ọ̀kan dá ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ó gbé wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò:

Èkíní, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù má ṣe fi ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́ òkè òkun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Kí a kọ̀wé sí yunifásítì náà ná, bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ òótọ́, kí a san owó náà tààrà fún un.

Èkejì, kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láìní èlé fún transcript àti ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka wa fọwọ́ sí ìwé kan sí àwọn yunifásítì wa, kí wọ́n fi ọjọ́ lé transcript. Ọmọ tó ti san owó kò yẹ kí ó dúró fún oṣù mẹ́ta títí ìlẹ̀kùn yóò fi tì mọ́ ọn lójú.

Ẹni tí ájẹ́ńtì bá ti fi ìwé kan lọ̀, kí ó mú un wá fún aṣojú yín kí ó tó san kọ́bọ̀. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ mú àwọn ọmọ yín tó ti jáde ilé-ìwé dání, kí àwọn náà gbọ́ ọ.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára wa!