Ọ̀rọ̀ Tó Dì Bí Òjé

Nílé ìtẹ̀wé ayé àtijọ́, òṣìṣẹ́ kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stereotyper. Iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmọ aráyé.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n so pọ̀: stereos, ohun tó le gbagidi, àti typos, àmì tí wọ́n tẹ̀. Firmin Didot, atẹ̀wé ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nígbà tó yá, báyìí ni wọ́n ń ṣe é nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn: bí wọ́n bá to lẹ́tà òjé tán, wọn á tẹ bébà tútù tó nípọn mọ́ ọn lójú kí ó lè gba àwòrán rẹ̀. Bí bébà bá gbẹ, wọn á da òjé yíyọ́ lé e. Bí òjé bá dì, odindi ojú ewé kan ti di ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ló lè ti ara rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, kò ṣeé yọ ní wẹ́rẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ní 1922, Walter Lippmann, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀, Public Opinion, fún àwòrán tí ènìyàn ti gbé sọ́kàn nípa ẹlòmíràn kí ó tó rí i.

Irú òjé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà. Ará Ìjẹ̀bú ni, ahun ni. Ọmọ Ìgbò ni, owó nìkan ló mọ̀. Onílé ń fi du àlejò ní yàrá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń fi du ọ̀dọ́ níṣẹ́. Àwọn oníròyìn gan-an kò mọ́wọ́ kúrò: bí olè kan bá bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, àkọlé ìròyìn á dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ìlú rẹ̀ ló bá a jalè. Bí ẹ̀yà kò bá kan ọ̀rọ̀, kò yẹ kí ó wọ inú ìròyìn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ìka kò dọ́gba. Ẹyin sì lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohun kan wà tí àwọn stereotyper ìgbàanì mọ̀: bí ìwé ìròyìn òní bá ti jáde tán, wọn a kó òjé àná padà sínú ìkòkò, wọn a yọ́ ọ, kí iṣẹ́ ọ̀la lè rí àyè. Èrò tó ti dì sọ́kàn ènìyàn náà ń fẹ́ iná bẹ́ẹ̀.