Ta ni Ó Mọ Timbuktu?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: ohun tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa Timbuktu kò tọ́. A ń sọ fún wọn pé nígbà tí Mansa Musa, ọba Màlì, lọ sí Mẹ́kà ní 1324, ó mú akéwì kan bọ̀, Abu Ishaq al-Sahili, ọmọ Granada, àti pé òun ni ó kọ́ àwọn ènìyàn dúdú bí a ti ń fi amọ̀ mọ mọ́ṣáláṣí ńlá. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n àìmọye ọ̀mọlé ni ó pa rẹ́ nínú ìtàn.

Kí ni Ibn Khaldun kọ gan-an? Ó ní al-Sahili mọ gbọ̀ngán onígun mẹ́rin kan fún ọba, tí òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, a rẹ́ ẹ, a sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Gbọ̀ngán kan! A kò sọ pé ọkùnrin náà kò gbé ayé o. Ibn Battuta rí ibojì rẹ̀ ní Timbuktu. Ṣùgbọ́n ní Jenné-jeno, tí àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í wú jáde ní 1977, odi amọ̀ tí ó tó kìlómítà 2 ni ó yí ìlú ká, ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú ìrìn àjò Mẹ́kà yẹn. Àwa tí a ní Àkàbà Ìdènà ní Kétu, ṣé a wá àlejò kan tí a ó fi iṣẹ́ rẹ̀ fún?

Ní 1989, Susan Aradeon pe ọ̀rọ̀ al-Sahili yìí ní àròsọ àwọn òpìtàn, nínú Journal des africanistes. Àwa olùkọ́ ṣì ń kọ ọ́ sára pátákó.

Igi tí ó yọ sóde lára ògiri Djingareyber kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Orí rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọlé ń tẹ̀ gun òkè, nítorí òjò ń wẹ amọ̀ dànù, àwọn ará ìlú sì ní láti jáde tún ògiri rẹ́. Àdúgbò tí ó yí mọ́ṣáláṣí náà ká ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sankoré. Ta ni ó fi ìlú bẹ́ẹ̀ lé ọwọ́ akéwì kan ṣoṣo?

Nígbà tí àwọn agbébọn wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ní 2012, a kò ránṣẹ́ sí Granada. Àwọn ọ̀mọlé Timbuktu ni wọ́n tún wọn mọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2015.